Faranda lásán kọ́ o: Ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ nílò l'Ékòó kẹ́ ẹ tó fi faranda kún ilé yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà l'Ékòó tó fi nǹkan bí ọdún méjì tọ́jú owó torí faranda. Kì í ṣe ilé tuntun ló fẹ́ kọ́ o. Ilé ti wà nílẹ̀, ó ti ń gbé inú ẹ̀. Ohun tó kàn ń wá ni ibi tó máa jókòó sí nírọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ó bi bíríkìlà pé, "Ṣé a ò ní gba ìwé kankan lọ́dọ̀ ìjọba báyìí?" Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀. Faranda lásán ni."

Wọ́n da kọnkéré sílẹ̀, wọ́n gbé òpó mẹ́rin dúró, wẹ́dà jó irin, kápẹ́ńtà kan páànù lé e. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, gbogbo omi orí páànù yẹn dà sí ìdí fẹ́ǹsì aládùúgbò. Aládùúgbò bínú, ó lọ fẹjọ́ sùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá lẹ bébà mọ́ géètì, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Nígbà tọ́rọ̀ náà fi máa parí, ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó fún àwọn tó bá a wó ohun tó fowó ara ẹ̀ kọ́.

Láti ìgbà yẹn, ó tó èèyàn mẹ́fà tó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó fi faranda kún ilé tó jẹ́ tiẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ fi pamọ́ sórí fóònù yín. Tẹ́ ẹ ò bá nílò ẹ̀ lónìí, ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìdáhùn kúkúrú

Bẹ́ẹ̀ ni. Tí faranda náà bá ti ní òrùlé, tó ní òpó, tó sì so mọ́ ilé, ẹ nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé, èyí táwọn èèyàn ń pè ní "approval". Bó ti wù kó kéré tó. Òfin kì í béèrè pé ṣé ilé ńlá ni àbí faranda. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wò: àyè tẹ́ ẹ máa gbà, ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé lé ilẹ̀ tàbí lé ilé, àti ibi tí omi òjò máa gbà. Tẹ́ ẹ bá ti mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dání, gbogbo ìyókù á yé yín.

Kí ni òfin ń pè ní ìkọ́lé?

Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ètò ìlú, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1992 gẹ́gẹ́ bíi Decree 88, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, àlàyé rẹ̀ sì fẹ̀ gan-an. Ó ní iṣẹ́ ìkọ́lé tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà èyíkéyìí tí èèyàn bá ṣe sínú ilẹ̀, sórí ilẹ̀, lókè ilẹ̀ tàbí lábẹ́ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wíwó ilé wà níbẹ̀. Kódà, gígé igi lulẹ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe padà lọ́nà tó lágbára. Ẹ wá rí i pé faranda tó ní òpó mẹ́rin ò lè ráyè bọ́ níbẹ̀.

Lọ́dún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, Èkó ṣe òfin tiẹ̀ lọ́dún 2010, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Abẹ́ òfin yẹn ni iléeṣẹ́ méjì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ wà:

LASPPPA ni iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa gbé àwòrán lọ kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀ rárá.

LASBCA ni iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ló ń wá wo ilé, àwọn náà ló sì ń lẹ bébà, tí wọ́n ń ti ilé pa, tí wọ́n sì ń wó o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n á gba ìwé lọ́dọ̀ LASPPPA, wọ́n á rò pé ó ti parí, wọn ò ní sọ fún LASBCA pé iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ni.

Irú faranda wo lẹ fẹ́ ṣe?

Kẹ́ ẹ tó sáré lọ síbì kankan, ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ná, torí gbogbo wọn ò rí bákan náà.

Èkíní ni ilẹ̀ títẹ́ lásán. Ẹ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì tàbí táìlì sílẹ̀, ẹ gbé àga sí i, kò sí òrùlé, kò sí òpó. Èyí ló rọrùn jù. Kò gbé ẹrù lé nǹkan kan, kò sì dí atẹ́gùn ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó ṣì kan ọ̀rọ̀ omi, mo máa débẹ̀ láìpẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kẹ́ ẹ béèrè, kí wọ́n sì dá yín lóhùn lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣe é fi hàn ẹni tó bá wá lẹ bébà.

Èkejì ni faranda olórùlé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sit-out. Òpó, irin tàbí igi, páànù, tó wá so mọ́ ara ilé. Èyí nílò ìwé àṣẹ, torí ó ti di apá kan ilé. Ẹ̀yin ń ṣe àfikún sí àwòrán tí ìjọba ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni faranda orí dẹ́kìn, tàbí bákónì tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún òkè. Èyí ló léwu jù. Yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán àti ìṣirò ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN.

Ẹ̀kẹrin lèyí tó wọ́pọ̀ jù l'Ékòó, tí kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí ìkọ́lé: faranda ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ wá fi búlọ́ọ̀kù dí i, ẹ sọ ọ́ di yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù. Níbi tẹ́ ẹ dé yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ti di méjì. Ẹ ti kọ́ nǹkan kún ilé, ẹ sì ti yí ilé gbígbé padà sí ibi ìtajà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé tiẹ̀.

Àyè: ilẹ̀ yín ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ lè kọ́lé sí

Ibí ni ọ̀pọ̀ faranda ti ń kú. Nínú àwòrán ilé èyíkéyìí tí ìjọba bá fọwọ́ sí, àyè kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pè é ní setback. Nínú pláànù ilé gbígbé l'Ékòó, èyí tó wọ́pọ̀ ni mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan àti mítà 3 lẹ́yìn, iwájú sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn, nítorí náà, èyí tí wọ́n kọ sínú pláànù tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ilẹ̀ yín jẹ́ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú. Ìyẹn tó mítà 18. Tẹ́ ẹ bá yọ mítà 3 lọ́tùn-ún, ẹ yọ mítà 3 lósì, ó ku mítà 12 tí ilé lè wà. Bí ilé yín bá ti gba mítà 12 yẹn tán, faranda tó ní ìbú mítà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jẹ́ kó ku mítà 1 péré láàárín òpó yín àti fẹ́ǹsì. Tí iná bá ṣẹ́ yọ lẹ́yìnkùlé, ibo làwọn panápaná máa gbà? Níbo lẹ máa ti gbé àkàbà dúró láti tún òrùlé ṣe? Ibo ni yàrá aládùúgbò máa ti rí atẹ́gùn?

Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò ni àwòrán ilé yín. Tó bá jẹ́ pé ilé ò gba gbogbo àyè tí òfin fún un, ó ṣeé ṣe kí faranda ráyè. Tó bá ti gbà á tán, ẹ má wulẹ̀ ra símẹ́ǹtì. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí i fún yín, ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, owó yín ló ń wá.

Ẹ tún yẹ ilé yín wò bóyá ó sún mọ́ ọ̀nà omi ìjọba, wáyà iná tó ga, tàbí páìpù gáàsì. Gbogbo wọn ló ní àyè tiwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan sí. Ibẹ̀ ni katakata ìjọba ti máa ń kọ́kọ́ dé.

Ẹrù: dẹ́kìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú wọ̀n

Ẹ wò ó, kọnkéré wúwo ju bí a ṣe rò lọ. Dẹ́kìn kékeré tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, á wọn ju tọ́ọ̀nù 4 lọ, láì tíì gbé àga kan sí i. Ìyẹn ju ìwúwo Corolla mẹ́ta lọ. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ẹ gbé Corolla mẹ́ta kọ́ sára ògiri tí wọn ò fi ẹrù yẹn sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀. Tí àlejò 20 bá tún gun orí ẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ńkọ́?

Èkó ti rí ohun tí àfikún tí kò bá àwòrán mu lè ṣe. Ní September 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkòtún wó, èèyàn 116 ló kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé ilé náà ò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ní November 2021, ilé alájà 21 wó ní ọ̀nà Gerrard ní Ìkòyí, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀gá àgbà LASBCA nígbà náà sọ fáwọn oníròyìn pé alájà 15 ni ìwé tí wọ́n gbà wà fún.

Mo mọ̀ pé faranda kì í ṣe ilé alájà 21. Àmọ́ ìwà kan náà ló wà nídìí ẹ̀: "ká kàn fi díẹ̀ kún un." Ẹnjiníà ló lè sọ bóyá ìpìlẹ̀ yín lè gbé e. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ dáadáa lè mọ búlọ́ọ̀kù tò kó gún régé, àmọ́ títo búlọ́ọ̀kù yàtọ̀ sí ṣíṣírò ẹrù.

Omi: aládùúgbò yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀

Ohun tó kó bá ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Páànù faranda tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, jẹ́ mítà 20 níbùú lóròó. Tí òjò ńlá kan bá rọ̀, tí omi ẹ̀ tó mìlímítà 50, omi tó máa dà láti orí páànù yẹn nìkan jẹ́ lítà 1,000. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40! Ibi tẹ́ ẹ bá dorí páànù kọ ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí.

Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ máa ń fa omi mu. Ní báyìí tẹ́ ẹ ti da kọnkéré bò ó, omi ò rọ́nà wọlẹ̀ mọ́, ó di dandan kó wá ibòmíì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń béèrè ibi tí gótà wà. Ẹ fi gótà sétí páànù, ẹ fi páìpù darí omi sí gótà inú ọgbà yín, kó má ṣe dà sí ọ̀nà tàbí sí ilé onílé. Ẹ má sì kọ́ faranda lé orí soakaway. Lọ́jọ́ tó bá kún, ibo ni ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ máa ti ki páìpù ẹ̀ bọ̀ ọ́?

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń da ọ̀rọ̀ omi yìí láàmú. Àwọn èèyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti October 2008, ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ iwájú ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ju mítà 5 níbùú lóròó lọ, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, àyàfi tí ohun tó fi tẹ́ ẹ bá ń jẹ́ kómi wọlẹ̀ tàbí tó bá darí omi náà sórí ilẹ̀ tó lè mu ún. Òrùlé ò sí níbẹ̀ rárá o, ilẹ̀ títẹ́ lásán ni.

Àwọn ìwé tẹ́ ẹ máa kó jọ

Fún àfikún sí ilé gbígbé l'Ékòó, ẹ múra àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

1. Ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tiyín: C of O, ìwé ìyọ̀ǹda gómìnà, tàbí ìwé mìíràn tí òfin mọ̀.
2. Sọ́fè ilẹ̀ náà, látọwọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀.
3. Ìwé àṣẹ àti àwòrán ilé ti tẹ́lẹ̀, tí èdìdì ìjọba wà lára ẹ̀.
4. Àwòrán tuntun tó fi ilé àti faranda hàn pọ̀, látọwọ́ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, pẹ̀lú èdìdì rẹ̀.
5. Àwòrán àti ìṣirò ẹnjiníà, pẹ̀lú lẹ́tà tó fi gbà láti bójú tó iṣẹ́ náà.
6. Ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti san owó orí.
7. Fọ́tò ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí, bó ṣe rí báyìí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àwòrán tó ti yà fún ẹlòmíì fún yín. Àwòrán ilé Ìkòròdú ò lè bá ilé Agége mu. Ẹ tún rí i pé orúkọ ẹni tó lu èdìdì mọ́ àwòrán náà wà lóòótọ́. Iye rẹ̀ lórí ìwé àjọ tó forúkọ sílẹ̀ sí ṣeé yẹ̀ wò. Ìtìjú kankan ò sí níbẹ̀, owó yín ni.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Àkọ́kọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé yín wà, kẹ́ ẹ mú àwòrán ti tẹ́lẹ̀ dání. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ìbéèrè ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ owó ayàwòrán tó bá jẹ́ pé àyè ò sí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, tí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán àti ẹnjiníà ṣe tiwọn. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá gbé ìwé wọlé. LASPPPA ti ń gba ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, nítorí náà, ẹ lè ṣe é fúnra yín láti orí kọ̀ǹpútà láìsí pé ẹ ń wá àgbà kan tó mọ èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n máa ṣírò owó tẹ́ ẹ máa san. Àpò ìjọba lẹ máa san án sí, ẹ sì máa gba rìsíìtì. Mo tún un sọ: àpò ìjọba, kì í ṣe àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sóun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n á wá wo ilé. Ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti wọlé, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ìwé tó wọlé kì í ṣe ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ sọ fún LASBCA kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa wá wò ó bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, pàápàá kẹ́ ẹ tó da kọnkéré sórí irin. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà síbi iṣẹ́. Tí òṣìṣẹ́ bá dé, ẹ ò ní máa sáré kiri.

Ẹ̀ẹ̀kẹfà, tó bá parí, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, ó sì ṣeé gbé. Ìwé yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi gba owó ní báńkì, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè ẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ìwé àṣẹ ní ọjọ́ orí. Ọdún méjì ló ní. Tẹ́ ẹ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó pé, ẹ máa padà lọ sọ ọ́ dọ̀tun.

Tí ilé fúnra ẹ̀ ò bá ní ìwé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ilé tí a jogún bá l'Ékòó ni ò ní àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí. Bàbá kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fi yàrá kún un. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè gba ìwé fún faranda nìkan, torí kò sí àwòrán tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún. Ilé gan-an lẹ máa kọ́kọ́ wá ìwé fún.

Ẹ máa ní kí wọ́n ya ilé náà bó ṣe wà, wọ́n á sì yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó lágbára, láìwó nǹkan kan. Iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò ló ń bójú tó àyẹ̀wò yẹn. Ó máa ń ná èèyàn lówó, owó ìtanràn sì wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, ìjọba Èkó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn onílé tí kò ní ìwé, wọ́n ní kí wọ́n wá gbà á láìsan owó ìtanràn. Ọjọ́ 90 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, kí wọ́n tó sún un síwájú. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kó sáré lo àǹfààní ẹ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé àti ẹ̀yin ará estate

Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, ẹ ò lè gba ìwé lórúkọ ara yín. Onílé ló máa gbà á. Kódà tó bá gbà pé kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tó máa sanwó àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó jáde. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ṣe faranda rèǹtè-rente, onílé fi owó kún owó ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní ilé òun ti rẹwà sí i.

Tẹ́ ẹ bá wà ní estate, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹgbẹ́ onílé lè ní òfin tiwọn lórí irú òrùlé, àwọ̀ ọ̀dà àti gíga fẹ́ǹsì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín: lẹ́tà alága estate kò lè rọ́pò ìwé ìjọba. Méjèèjì lẹ nílò.

Tí wọ́n bá ti lẹ bébà ńkọ́?

Ẹ má ya á. Ẹ má sì fi ọ̀dà kun àmì tí wọ́n kọ sára ògiri. Ẹ kà á dáadáa, torí bébà ò rí bákan náà. Òmíràn sọ pé kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ dúró, òmíràn sọ òfin tẹ́ ẹ rú, òmíràn sì ní kẹ́ ẹ wó o. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín.

Ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n á ní tó bá ti parí, wọn ò ní lè wó o mọ́. Wọ́n á wó o, ẹ̀ṣẹ̀ yín á sì tún pọ̀ sí i. Ẹ gbé bébà náà lọ sí ọ́fíìsì tó wá látọ̀dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ mú ẹnìkan tó mọṣẹ́ dání, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó ṣeé tún ṣe. Tí àyè bá wà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ wá gba ìwé, kẹ́ ẹ san owó ìtanràn. Tó bá jẹ́ pé inú àyè tó yẹ kó ṣófo lẹ kọ́ ọ sí, ó ṣòro kó bọ́. Òfin tún fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ tó wà fún un. Àmọ́ ẹ tètè ṣe é, torí ọjọ́ ń lọ.

Tí ẹ ò bá sí l'Ékòó

Ẹni tó wà n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Oṣogbo, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iléeṣẹ́ àti iye owó tiẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ lè yàtọ̀, mítà lè yàtọ̀. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta yẹn ò yàtọ̀: àyè, ẹrù, omi. Ẹ wá ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ mú àwòrán ilé dání.

Kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ bi ara yín

Ṣé mo rí àwòrán ilé mi tí ìjọba fọwọ́ sí? Ṣé àyè ṣì kù láàárín ilé àti fẹ́ǹsì lẹ́yìn tí mo bá ti yọ setback? Ṣé ẹnjiníà ti wò ó? Ibo ni omi máa gbà? Ṣé mo ti sọ fún aládùúgbò mi?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú òfin. Èmi ni mo fi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ní òun kàn ilẹ̀kùn aládùúgbò yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kóun ní, "Ẹ wò ó, mo fẹ́ ṣe faranda o, ibo lẹ rò pé kí omi gbà?", ó ṣeé ṣe kí faranda òun ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó lọ gba àwòrán, ẹnjiníà wá wò ó, ó sún faranda náà lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí àyè wà. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó ti fi àwòrán ránṣẹ́, ó sì ń dúró de ìwé. Símẹ́ǹtì kan ò tíì wọ ọgbà ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ti ń bá bíríkìlà dúnàádúrà lọ́wọ́ báyìí, ẹ tètè fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó san àsansílẹ̀.